Ohun Tí Kíláàsì Mi Ti Mọ̀

Ojú fèrèsé ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́.

Ìníṣà ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni, ẹ wá dúró níwájú àwọn ọmọ SS2 lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ máa bi wọ́n pé kí ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Àwọn tó wà lẹ́yìn á ti máa hanrun.

Ọjọ́ yẹn, ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni mò ń kọ́ wọn. Mo ní, "Oríṣi kìíní ni ti ẹnu. Èèyàn á sọ ohun kan, òdìkejì rẹ̀ ló ní lọ́kàn. Bí ìyá rẹ bá rán ọ níṣẹ́ láàárọ̀, tó o wá dé nírọ̀lẹ́, kí ló máa sọ?"

"Á ní, 'O mà tètè dé o!'" Gbogbo wọn ló pa ohùn pọ̀. Ìyà ti kọ́ wọn nílé.

"Ṣé o tètè dé?"

"Rárá mà!"

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti bú sẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Mo yíjú. Ọkùnrin gíga kan ni, ó wọ bàtà òjò tí ẹrẹ̀ bò, ó gbé apẹ̀rẹ̀ irúgbìn ata sábẹ́ apá, eyín rẹ̀ funfun báláú.

Mo wò ó tòkè tilẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ kú ọgbọ́n o. Ẹ mà mọ ibi tí àgbàlagbà ń dúró sí."

Kò tijú rárá. Àwọn ọmọ ló kọjú sí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, oríṣi èwo nìyẹn?"

"Ti ẹnu!" Ariwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù òrùlé wa.

Inú bí mi, inú mi sì dùn. Ẹ má bi mí bí méjèèjì ṣe wọ inú kan náà.

Ọlọ́rundáre ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òkukù. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n rán wá láti bá àwọn ọmọ wa dá ọgbà ata. Nígbà tá a jáde, ó ń dúró dè mí lẹ́nu géètì.

"Ẹ bú mi o," ó ní.

"Èmi? Mo yìn yín ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wá yìn mí lọ́la."

Ó sì wá lọ́la náà. Ó wá lọ́tùn-únla. Ó ń wá wo ata tó jẹ́ pé òjò nìkan ló nílò, títí prínsípà wa, Ìyáàfin Rẹ̀mílẹ́kún, fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Láníkẹ́, ata inú ọgbà wa yìí, ṣé àìsàn ń ṣe é ni? Dókítà rẹ̀ kì í fi ọjọ́ kan sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ bi ata, mà."

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, á fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi láti Ìníṣà lọ sílé wa ní Ìkìrun. Á máa kọ orin ìyìn lọ́nà, ohùn rẹ̀ burú débi pé àwọn ewúrẹ́ ẹ̀bá títì máa ń sá. Mo máa ń di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, màá ní kó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ kó dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a dúró jẹ àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó ń wo tèmi. Mo rò pé ó fẹ́ kí n fún òun sí i ni.

"Tíṣà mi," ó ní, "mo fẹ́ràn rẹ. Jọ̀ọ́, má fi ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ dá mi lóhùn lónìí. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo gbé ojú sílẹ̀. Ẹnu mi tó máa ń dá sọ̀rọ̀ láìṣe pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó wúwo.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Dáre," mo ní. "Bó ṣe rí nìyẹn."

Ó gba àgbàdo ọwọ́ mi, ó gé e jẹ. Mo gbá a lọ́wọ́, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ìfẹ́ ò le o. Ẹbí ló le. Ìdílé mùsùlùmí ni wọ́n ti bí mi ní Ìkìrun. Rọ́kìyátù ni wọ́n ń pè mí nílé kéwú. Aládùúrà ni ilé tiwọn l'Ókukù, aṣọ funfun, àgògo, àti gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, Àlàájì Oyèkọ́lá, wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn sílẹ̀.

"Àwọn tí kì í wọ bàtà?"

"Bàbá, ó ń wọ bàtà. Bàtà òjò gan-an ló ń wọ̀."

Ìyá mi já mi léèékánná lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àlàájì ò rẹ́rìn-ín. "Rọ́kìyá, mi ò bí ọ kí n wá máa wá ọ kiri lábẹ́ àbẹ́là."

Dáre wá fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì, kò dìde títí wọ́n fi sọ pé kó dìde. Wọ́n bú u, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Wọ́n bi í bóyá ó máa fipá mú mi kúrò nínú ẹ̀sìn mi, ó ní òun ò tiẹ̀ lè fipá mú mi dákẹ́. Ẹ̀rín já mọ́ Àlàájì lẹ́nu kí wọ́n tó rántí pé àwọn ń bínú. Ó wá lẹ́ẹ̀kejì, ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá wọn ro ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi bá sọ fún mi níjọ́ kan pé, "Ọmọ yẹn ní sùúrù jù ọ́ lọ. Ọlọ́run kan náà ló dá wa, ṣá. Ẹ lọ múra."

Mo rò pé ó ti parí. Mi ò tíì mọ ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá Dáre ń ṣe gàrí l'Ókukù, opó ni wọ́n, Dáre àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ẹ̀bùn, ni ọmọ tí wọ́n ní láyé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, wọ́n gún iyán, wọ́n se ẹ̀gúsí, ẹran inú ẹ̀ ò kéré. A jẹun tán, mo nawọ́ sí àwo. Wọ́n ní, "Rárá o! Jókòó, ìyàwó. Tíṣà kì í fọ àwo. Àlejò pàtàkì mà ni ọ́."

Mo bá jókòó.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo jókòó! Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ohun tí ẹnu sọ kọ́ ni inú ní. Nílé Àlàájì, bí wọ́n bá ní kó o jókòó, wọ́n ní kó o jókòó náà ni. Mo ní, "Ẹ ṣé mà," mo fẹ̀yìn ti àga, mo tiẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀bùn ń ṣẹ́jú sí mi, mo rò pé nǹkan kó sí i lójú ni. Ìyá wọn dìde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n kó àwo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, wọ́n ń kọrin.

Lójú ọ̀nà, Dáre fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀kadà já sí kòtò fún ẹ̀rín. "Láníkẹ́, o jókòó! Àdúmáradán mi, o jókòó! Ṣé o ò mọ̀ pé bí wọ́n bá ní 'jókòó,' ìgbà yẹn lo máa já àwo gbà?"

"Wọ́n ní kí n jókòó!"

"Oríṣi èwo nìyẹn?" ó ní, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Mo lù ú lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò bá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún un pé, "Àwo tó jẹun nínú ẹ̀ ni ò lè fọ̀. Ṣé tèmi ló máa wá gbọ́ bí mo bá darúgbó?" Láti ọjọ́ náà, wọn ò pè mí ní ìyàwó mọ́. Tíṣà ni mò ń jẹ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí wọ́n lè bí ní àbíkẹ́yìn. Bí mo gbálẹ̀, "Ẹ ṣé o, tíṣà." Bí mo bá wọn bó ẹ̀gẹ́ títí àtàǹpàkò mi fi bó, "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà." Kò sí èébú tó dùn mí tó ọ̀wọ̀ yẹn.

Dáre ń bẹ̀ mí, ó ń bẹ ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé kí ẹbí méjèèjì wá mọra. Wọn ò sọ pé inú àwọn dùn. "Mo ti gbọ́" ni wọ́n sọ. A mú ọjọ́ Sátidé tó máa tẹ̀lé ìdánwò táàmù. Ìyá mi ti ń wá ẹni tó máa ran aṣọ. Mò ń dá rìn nínú yàrá, mò ń pe ara mi ní ìyàwó Dáre, mò ń gbọ́ bó ṣe dún.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín bí wọ́n ṣe fi pamọ́ fún mi. Dáre kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Sátidé tá a mú kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ sígbà náà.

Ó pè mí kó tó kúrò nílé. Ó ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ ṣèpàdé n'Ígbàyè. "Jẹun o, tíṣà mi," ó ní, "kó o tó máa pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ." Mo ní mo ti gbọ́. Láàárín Òkukù sí Ìgbàyè, tírélà tó kó gẹdú ya kúrò lápá tiẹ̀, ó bọ́ sí apá tí Dáre wà. Wọ́n ní kò jẹ̀rora. Gbogbo ẹni tó kú lójú ọ̀nà ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀.

Ọmọ kan wà ní SS2, Olúwanífẹ́mi, Òkukù ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì wá sílé ẹ̀kọ́. Kó tó kúrò nílé láàárọ̀ yẹn ni wọ́n gbé Dáre kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó dá bàtà òjò náà mọ̀. Ó pẹ́ dé, ó sì ń sunkún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í, ó sọ fún wọn. Kí agogo ìsinmi tó lù, gbogbo kíláàsì ti mọ̀. Ìyáàfin Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́, wọ́n pe Òkukù lórí fóònù, wọ́n ní òótọ́ ni.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí. A kì í já ọ̀fọ̀ lu èèyàn nídìí iṣẹ́. Wọ́n á mú un délé, á jẹun, àwọn àgbà á jókòó tì í, obìnrin á wà lọ́tùn-ún àti lósì kó má baà ṣubú, kí wọ́n tó tú ọ̀fọ̀ náà fún un. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ká ní ẹlòmíì ni, bẹ́ẹ̀ lèmi náà máa ṣe. Prínsípà kìlọ̀ fún gbogbo tíṣà, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ la ẹnu. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá mi. Wọ́n wá bá mi. "Láníkẹ́, yá mi ní fóònù rẹ, tèmi ti kú."

Mo yọ ọ́ fún wọn. "Ẹ má ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mi o, mà."

Wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Sinmi lónìí. Má wọ kíláàsì."

"Ta ló ń sinmi? Ìdánwò ti dé tán." Mo mú ṣọ́ọ̀kì mi, mo lọ.

Àwọn ọmọ dìde nígbà tí mo wọlé. "Ẹ káàsán mà." Ohùn náà wà nísàlẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé ebi ń pa yín ni?"

Mo kọ̀wé sí bóòdù. "A ti ṣe ẹ̀dà ti ẹnu. A ti ṣe ti ìṣẹ̀lẹ̀, níbi tí ohun tá a ń retí ti di òdìkejì. Èyí tó kù lónìí ló dùn jù: ẹ̀dà ti òǹwòran. Òǹwòran mọ nǹkan kan, ẹni tó wà lórí ìtàgé ò mọ̀ ọ́n. Ká ní olóyè kan ń kọ́lé nínú eré. Ó ń pe aráyé wá wo òrùlé. Bẹ́ẹ̀ àwa tá a jókòó ti gbọ́ nínú ìran tó ṣáájú pé ìjọba fẹ́ la títì gba àárín ilé náà. Olóyè ò mọ̀. Ijó ló ń jó."

Mo bá jó ijó olóyè fún wọn. Mo gbé èjìká, mo fi ìdí ṣe é, mo nawọ́ sókè bí ẹni ń gba ìkíni. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ì bá ti ṣubú lórí ara wọn. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí.

"Ta ló ń káàánú níbẹ̀?" mo ní. "Àwa tá a mọ̀ ni. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ń jó ní tiẹ̀."

Iyìolúwa tó wà níwájú gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní, "Iyìolúwa, dìde jọ̀ọ́. Olóyè yẹn kì í ṣe bàbá ẹ." Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Olúwanífẹ́mi bá nawọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dìde láìdúró kí n pè é.

"Mà, àwọn òǹwòran yẹn, ṣé wọn ò lè pariwo, kí wọ́n sọ fún un?"

Ìbéèrè náà wù mí. Mo ní, "Ọmọ ọlọ́gbọ́n! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Wọn ò pàtẹ́wọ́. "Wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ o. Òǹwòran kì í gun orí ìtàgé. Bí ẹnì kan bá pariwo, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Kó jókòó, kó panu mọ́."

"Bó bá fẹ́ràn ẹni náà ńkọ́, mà?"

"Bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kó jókòó."

Ó dúró díẹ̀ sí i, ó ń wò mí. Ó wá jókòó.

Mo ní kí wọ́n kọ àpẹẹrẹ tiwọn. Kò sẹ́ni tó mú bíírò. Mo ti ń bínú, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fìdí rẹmi kí wọ́n má dárúkọ mi, nígbà tí prínsípà yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Láníkẹ́, mú báàgì rẹ. Bàbá rẹ ní kó o wá."

"Kí ló ṣe bàbá mi?"

"Kò sí nǹkan. Wọ́n kàn fẹ́ rí ọ ni."

Prínsípà jókòó tì mí lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú láti Ìníṣà dé Ìkìrun. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń gbàdúrà fún bàbá mi. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó dá ẹ̀mí Àlàájì sí. Lẹ́yìn wa l'Ókukù, wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ fún Dáre, ọkọ̀ ń gbé mi sá kúrò níbẹ̀.

A dé ilé, bàbá mi ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo dì mọ́ wọn. Mo ní, "Àlùhámdùlíláì!" Inú mi dùn, ẹ gbọ́, inú mi dùn gan-an. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá, wọ́n ní kí n jẹun. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán.

Àwọn àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Wọn ò kí ara wọn. Ọ̀kan jókòó sí ọ̀tún mi, ọ̀kan sí òsì. Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti kú kí Àlàájì tó la ẹnu, ẹni tó jẹ́ ni mi ò mọ̀.

"Rọ́kìyá," bàbá mi ní, "Ọlọ́run ló ń fúnni, òun náà ló ń gbà. Ọlọ́rundáre ti padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀."

Mi ò sunkún. Mo ní, "Níbo ló wà?"

Mo dìde dúró.

"Bàbá, ẹ dìde ká lọ. Níbo ni wọ́n gbé e sí?"

"Wọ́n ti sin ín, ọmọ mi. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Wọn kì í fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì."

"Nígbà wo?"

"Ọ̀sán yìí."

Ọ̀sán yìí. Mo wo àwo tó wà níwájú mi. "Ẹ ní kí n jẹun! Wọ́n ń da erùpẹ̀ bo Dáre, ẹ ní kí n jókòó jẹ mọ́ínmọ́ín!"

"A ò fẹ́ kó pa ọ́ ni," ìyá mi ń sunkún.

"Kò pa mí. Ẹ wò mí dáadáa, kò pa mí. Mo kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni! Ta ni mo ṣẹ̀?" Ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá gbé mi. Àwọn àǹtí mi méjèèjì ò lè dì mí mú.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, Ìyáàfin Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ fún mi nínú ọ́fíìsì, àgbàlagbà bíi tiwọn. Wọ́n ní, "Bó jẹ́ ọmọ tí mo bí ni, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe. Dárí jì mí." Mo fà wọ́n dìde. Ó rọrùn láti bínú sí ìkà èèyàn. Olúwanífẹ́mi wá bá mi lẹ́yìn ọgbà. "Mà, mo fẹ́ sọ fún yín. Mo béèrè lọ́wọ́ yín." Mo fà á mọ́ra. Mo ní, "O béèrè, ọmọ mi. Èmi ni mo ní kó o jókòó."

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé nígbà náà: kí n dé ibi tí wọ́n tẹ́ Dáre sí, kí n bá a sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn mi ò gbà. "Kí lo fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Ṣé o ti wọlé ọkọ ni? Opó kọ́ ni ọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò jẹ́ nǹkan kan. Èmi kì í ṣe ìyàwó, èmi kì í ṣe opó. Ará Òkukù kankan ò sì pè mí.

Ìgbà tó yá, Ẹ̀bùn pè mí. "Àǹtí, Màmá ní kẹ́ ẹ wá."

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti múra sílẹ̀ de ohun tí wọ́n máa sọ: pé orí mi ò dáa, pé ẹsẹ̀ mi ló pa á. Mo bá wọn lórí ẹní nínú yàrá, wọ́n ti rù hangogo. Wọ́n ní kí Ẹ̀bùn ti ilẹ̀kùn.

"Láníkẹ́," wọ́n ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pe orúkọ mi nìyẹn. "Ìgbà tí wọ́n ń sin ín, wọ́n mú mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá, kí n wá wò ó. Àṣé irọ́ ni. Wọ́n sin ọmọ mi, mò ń bu omi fún ẹni tí kò ṣàìsàn."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Èmi náà, mà. Mò ń jẹun ni."

"Wọn ò sọ fún ẹ?"

"Wọn ò sọ fún mi."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fà mí jókòó sórí ẹní. A sunkún títí, kò sẹ́ni tó ní ká dákẹ́.

"Òbí kì í rí sàréè ọmọ," wọ́n ní nígbà tó yá. "Mi ò lè débẹ̀ láéláé. Mo bi àwọn àbúrò ọkọ mi bí ibẹ̀ ṣe rí, wọ́n ní ó dáa, ó dáa. Irọ́ ni gbogbo wọn ń pa fún mi. Ìwọ ò bí i. Ìwọ lè lọ. Lọ bá mi wò ó, kó o wá sọ fún mi bó ṣe rí. Má fi oyin sí i."

Lẹ́yìn ìlú ni, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń sìnkú sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan. Ẹ̀bùn nàka síbẹ̀, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ lásán ni, kò tíì sí orúkọ. Òjò ti lù ú, apá kan ti rì. Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti fò lọ. Mo ní, "Dáre, èmi ni. Mi ò mọ̀ ni. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti wá." Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Mo wá fi ọwọ́ mi méjèèjì wa yẹ̀pẹ̀, mò ń kún ibi tó rì, mò ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dọ́gba. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní ó dàbọ̀.

Bá a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, Ẹ̀bùn sáré bu omi sínú báàfù, nítorí ẹni tó ti sàréè bọ̀ ní láti fọwọ́ kó tó wọlé. Ìyá Dáre ti dìde lórí ẹní, wọ́n ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń dúró dè wá.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ti rì lápá kan, mà. Òjò ló lù ú. Koríko ti ń hù níbi ẹsẹ̀. Mo kún un, ó ti dọ́gba báyìí. Ẹ̀gẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀. Kò sí òórùn burúkú kankan. Ibẹ̀ dákẹ́."

Wọ́n ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ọwọ́ rẹ lo fi kún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Wọ́n wo ọwọ́ mi. Yẹ̀pẹ̀ pupa náà wà lára ìka mi, ó wà lábẹ́ èékánná. Wọ́n rọra gba ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n pa ojú dé.

"Màmá," Ẹ̀bùn ní, "ẹ jẹ́ kí àǹtí fọwọ́."

"Ṣe sùúrù," wọ́n ní. "Jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ ná."